Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Ni Mo Lọ Rà, Ẹjọ́ Àdúgbò Ni Wọ́n Dì fún Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí! Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ etí ò tó ohun tí àgbàlagbà ń ké ìbòòsí lé lórí. Ẹni tí kò bá tíì gbìyànjú àtisùn lọ́sàn-án gangan ní Oko Ọba, ní Agege, kí onítọ̀hún jọ̀wọ́ wábi jókòó sí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ nínú ìyà yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀.

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá tí ẹ fi ń di ọjà ni, lọ́nà Ọgbà, mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ṣì fẹ́ gbowó oṣù. Aago méje alẹ́ ni mò ń wọlé, aago méje àárọ̀ ni mò ń jáde, láàárín ìgbà náà ẹ̀rọ á máa pariwo mọ́ mi bí ẹni tí mo jẹ lówó. Nígbà tí ẹ̀yin bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí ẹ ti wẹ̀, tí ẹ ti fín lọ́fínńdà, èmi lẹ máa ń rí nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mò ń ti ibi tí ẹ ń lọ bọ̀, tí ojú mi pọ́n kankan, tí ẹ ó sì máa sún sẹ́yìn fún mi pé ọ̀mùtí ni. Mi ò mutí o! Oorun ni mò ń gbé lọ sílé.

Bí mo bá wá gbé e délé tán ńkọ́?

Ilé tí mò ń gbé, àárín ojú irin àti ọ̀nà ilé ìpẹran ló bọ́ sí. Ẹni tó bá mọ Oko Ọba ti mọ ohun tí mò ń wí. Ní ti màlúù, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá màlúù rò; màlúù tó bá mọ ibi tí wọ́n ń fa òun lọ, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ké. Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò fà lọ síbì kankan, tí wọ́n sì ń ké ju màlúù lọ, àwọn ni mò ń bínú sí.

Ojú irin ńkọ́? Ọdún 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í là á láti Ìdó, nígbà tó fi di 1901 ọkọ̀ ti ń ná an dé Ìbàdàn. Mi ò lè bá òkú òyìnbó jà, wọn ò mọ̀ nígbà náà pé èmi ń bọ̀ wá gbórí lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn alààyè ńkọ́? Wọ́n ṣí reluwé tuntun tó ń lọ sí Ìbàdàn ní oṣù kẹfà ọdún 2021, mo ní kò burú, ìgbà mélòó ló máa fọn fèrè lójúmọ́, ọkùnrin ń fara dà á. Ó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún 2024, reluwé Red Line tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, láti Agbado dé Oyíngbò, Agege sì wà lára ibi tó ń dúró. Gbogbo Èkó pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́, mo tiẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ sí Yábàá lẹ́ẹ̀kan, ó dùn mọ́ mi. Ìgbà tí mo padà délé tí mo dùbúlẹ̀ ni mo tó mọ ohun tí mo pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fi reluwé sílẹ̀, ó ń bọ̀, ó ń kọjá. Èyí tí kì í kọjá ńkọ́? Télọ̀ kan wà lábẹ́ fèrèsé mi. Èèyàn dáadáa ni, ó mọ èèyàn kí, àmọ́ kò sí iná NEPA, iṣẹ́ ọdún sì wà nílẹ̀, ló bá ra jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, èyí tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí “I better pass my neighbour”. Ẹ dákun, ẹ bá mi gbé orúkọ yẹn yẹ̀ wò. Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ! Ta wá ni aládùúgbò náà? Èmi ni! Èmi gan-an ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yẹn láti fi sàn jù! Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló máa ń fa okùn ẹ̀, fììì, kò ṣiṣẹ́, fììì, kò ṣiṣẹ́, èmi á dùbúlẹ̀ lókè, màá máa gbàdúrà pé kó má ṣiṣẹ́, kí páláàgì ẹ̀ kú, kí epo ẹ̀ di omi, ẹlẹ́ẹ̀kẹta á ní gbuuuuu, ó dalẹ́ nìyẹn. Onígbàjámọ̀ tó wà lápá kejì ní tiẹ̀, ó tóbi ju ti télọ̀ lọ. Lánlọ́ọ̀dù ní tiẹ̀, ó tóbi ju ti onígbàjámọ̀ lọ, torí lánlọ́ọ̀dù wa ò lè jẹ́ kí ayálégbé ju òun lọ nínú ohunkóhun, tó fi dórí ariwo.

Kí ìyẹn tó rọlẹ̀ ni ẹni tó ń ta oògùn eku máa dé, èyí tó ti gba ohùn ara ẹ̀ sínú gbohùngbohùn, tí gbohùngbohùn ń bá a polówó, tí òun fúnra ẹ̀ jókòó tì í tó ń jẹ búrẹ́dì, kò la ẹnu sọ nǹkan kan, eku, aáyán, èèrà, ìdun, eku, aáyán, èèrà, ìdun, títí tí á fi máa ṣe mí bí ẹni pé èmi gan-an ni ìdun tí wọ́n ń wá, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìnkùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í ka wáànù, túù, tírì bí ẹni ń lérí ogun, àwọn onísọ̀jí ọ̀sán á gbé máíìkì, àwọn ọmọ ilé kéwú náà á gbà á lápá kejì, kọ́ńdọ́ á máa ké Fágbà-Ìjù, Fágbà-Ìjù, agbèrò á fún un lọ́rùn nítorí igba náírà, ìyá oníbúrẹ́dì á máa kéde pé ó gbóná o, ẹ wá rà á, bí ẹni pé ẹnì kan wà ní Agege tí kò mọ̀ pé búrẹ́dì Agege ń gbóná, èmi á sì nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì bí òkú tí kò rẹ́ni sin ín. Àbí irọ́ ni mo pa?

Òfin wà o. LASEPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, sọ pé ariwo níbi tí èèyàn ń gbé ò gbọdọ̀ ju désíbẹ̀lì 55 lọ lọ́sàn-án, 45 lóru. Mo gbé áàpù tó ń wọn ariwo sórí fóònù, mo gbé fóònù lé ìrọ̀rí, níbi tí orí mi yẹ kó wà. 81! Mo ti fèrèsé, ó di 76. Ooru fẹ́ pa mí, mo ṣí i padà. Ẹ má sì rò pé láti 55 dé 81 ò jìnnà. Désíbẹ̀lì kì í ṣe owó tí èèyàn ń ka lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá fi 10 lé, bí ìlọ́po méjì ló ṣe máa ń dún létí ọmọ èèyàn. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀, èmi ò sùn, mi ò lè ṣírò. Ta ni kí n sì lọ fẹjọ́ sùn? Bí mo bá fẹjọ́ télọ̀ sùn, ta ló máa rán aṣọ ọdún mi?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kó bá mi. Ọmọ náà ń jókòó sílé fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó kan. Ó wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú, ó rí bí ojú mi ṣe rí, ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ lọ ra hẹ́dífóònù ANC tó ń pa ariwo, èyí tó ń bo gbogbo etí yẹn.” Mo ní ṣé orin ni mo fẹ́ máa gbọ́ sùn ni? Ó ní rárá sà, ẹ ò ní gbọ́rin kankan, ẹ ó kàn tàn án, ariwo á kú. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n jókòó.

Ó ní máíìkì kéékèèké wà lára ẹ̀ tó ń gbọ́ ariwo tó ń bọ̀, pé ẹ̀rọ inú ẹ̀ á ṣe irú ariwo yẹn gẹ́lẹ́, àmọ́ á dorí ẹ̀ kodò, á wá tú u sí èèyàn létí, àwọn méjèèjì á pàdé níbẹ̀, wọ́n á pa ara wọn. Mo ní kò yé mi. Ó ní, “Bí ẹ bá ń ti ilẹ̀kùn látìta, tí èmi náà ń tì í látinú, tí agbára wa dọ́gba, ṣé ilẹ̀kùn á mira?” Mo ní kò ní mira. Ó ní ó parí. Ó ní ọgbọ́n náà ti pẹ́, pé ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Paul Lueg ti gbàwé ẹ̀rí lé e lórí ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1936, àmọ́ pé ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Amar Bose, olùkọ́ ní MIT, ló sọ ọ́ di ọjà tí èèyàn ń rà gbé sórí. Ọdún 1978 ni ọkùnrin yẹn wọ bàálù láti Zurich tó ń padà sílé ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún un ní hẹ́dífóònù kó fi gbọ́rin, ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kó gbádùn ẹ̀, ló bá yọ bírò, kí bàálù tó balẹ̀ ó ti ṣe ìṣirò bí wọ́n ṣe máa pa ariwo náà. Nígbà tó di 1989, ilé iṣẹ́ ẹ̀ ti ń ta á fáwọn páìlọ́ọ̀tì. Ọdún 2000 ló kàn àwọn èrò ọkọ̀.

Ẹ wá wo ayé! Ọkùnrin kan jókòó sínú bàálù, wákàtí mélòó kan péré, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un, ariwo dà á láàmú díẹ̀, odindi ilé iṣẹ́ bá a wá oògùn ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Èmi tí mo ti wà nínú ẹ́ńjìnnì fún ọdún mọ́kànlá, ta ló yọ bírò?

Mo gbọ̀nà Computer Village lọ, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wà ní Otigba, ní Ìkẹjà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Otigba, ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í rìn níbẹ̀, fífà ni wọ́n ń fà á. Ọ̀kan fà mí lápá ọ̀tún, “Daddy, àyífóònù ni?” Èkejì fà mí lápá òsì, “Alájì, ẹ wá pààrọ̀ sìkìrínì yín.” Ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ fà mí, fóònù ọwọ́ mi ló gbà tó ń yẹ̀ wò bíi dókítà. Ẹni tó rẹ́rìn-ín sí mi ni mo bá lọ, àṣìṣe mi nìyẹn. Ó gbé páálí kan jáde, ó dán bí àpótí ìyàwó, wọ́n kọ ENC gàdàgbà gadagba sí i lára. Mo ní èyí ń pa ariwo? Ó ní, “Daddy, bí ẹ bá wọ èyí, kí bọ́ǹbù dún lẹ́yìn yín, ẹ ò ní mọ̀.” Kí n má purọ́ fún yín, bọ́ǹbù yẹn ló wọ̀ mí lára. Mo san ₦15,000.

Mo délé, mo wọ̀ ọ́, iná búlúù ń ṣẹ́jú lára ẹ̀ bíi mọ́tò ọlọ́pàá. Jẹnẹrétọ̀ télọ̀ ń dún. Mo tẹ bọ́tìnnì gbogbo. Jẹnẹrétọ̀ télọ̀ ń dún. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ANC ni mo wí, ENC kọ́!” Ó ní ENC wà fún máíìkì tí mo fi ń sọ̀rọ̀, pé bí mo bá pe èèyàn, ariwo ọ̀dọ̀ mi ò ní dí onítọ̀hún lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ o! Mo sanwó kí ẹlòmíì lè rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́! Bí mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi l'Óṣogbo, òun tó wà l'Óṣogbo ò ní gbọ́ jẹnẹrétọ̀ télọ̀ Oko Ọba, èmi tí mo dùbúlẹ̀ lé e lórí á máa gbọ́ ọ lọ! Mo padà sí Otigba lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin yẹn wojú mi bí ẹni tí ìyá ẹ̀ ò tíì bí nígbà tí mo wá. Ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Ẹ̀rín tó rín sí mi lánàá dà?

Ẹni tó bá fẹ́ rà á nínú yín, ẹ jẹ́ kí ìyà mi ṣe yín láǹfààní. Ẹ má forin dán an wò, orin lè bo irọ́ tó tó òkè mọ́lẹ̀. Ẹ lọ dúró síbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún, ẹ wọ̀ ọ́ láìsí orin, ẹ tan ANC yẹn, ẹ pa á, ẹ tún tàn án. Bí ìró jẹnẹrétọ̀ ò bá rì lójú ẹsẹ̀ bí òkúta tó já sódò, ẹ gbé e fún un padà. Ẹ ò sì ní wá jẹnẹrétọ̀ tì ní Otigba.

Nígbà tí àjọ kàn mí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé mi lọ. Tókunbọ̀ la fẹ́ rà; tuntun kẹ̀? Ẹ má jẹ́ ká sọ ìyẹn. Mo rò pé a ó kàn mú u, a ó sanwó, a ó máa lọ ni. Háà, ìyàwó wíwá ò tó o! Wọ́n ní ṣé oní-timùtimù awọ ni mo fẹ́ tàbí aláṣọ, pé awọ ń dí ariwo dáadáa àmọ́ ó ń mú etí làágùn, aláṣọ ń fẹ́ atẹ́gùn àmọ́ ariwo ń gbabẹ̀ wọlé. Wọ́n ní ṣé mo lè ru èyí tó wúwo, pé AirPods Max ti Apple fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 385 gíráàmù, pé Sony kan wà, WH-1000XM5, tí kò ju 250 lọ. Èmi tí mò ń ru ìdì ọ̀rá látalẹ́ dàárọ̀, wọ́n ń bi mí léèrè gíráàmù! Wọ́n ní ṣé mò ń wọ gíláàsì, mo ní ẹ ò rí i lójú mi ni, wọ́n ní ọwọ́ gíláàsì máa ń gbé timùtimù kúrò lára àgbárí, pé ibi tó bá ti ṣí, bó ṣe wù kó kéré tó, ibẹ̀ ni ariwo máa gbà wọlé. Ẹ tiẹ̀ bá mi rò ó. Etí mi, gíláàsì mi, orí tí Ọlọ́run fún mi, gbogbo wọn ló ń bá télọ̀ ṣe.

A rí ọ̀kan mú ṣá. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kì í ṣe ẹjọ́ wọn. Awọ ẹ̀ ti ń bó díẹ̀díẹ̀ bí ara alángbá, àmọ́ a gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ oníṣọ́ọ̀bù, a dán an wò, ó yege. Àjọ oṣù mẹ́ta lọ síbẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ilé iṣẹ́ ló fún wa.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo jẹ̀kọ, mo wọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ayé dákẹ́! Mo rò pé télọ̀ ti pa á ni, mo yọjú lójú fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, èéfín ń jáde nídìí ẹ̀, kò sì dún! Mo ṣí etí kan, gbuuuu. Mo bò ó padà, wẹ́lo. Mo ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá bí ọmọdé tó rí ṣúìṣì iná fún ìgbà àkọ́kọ́. Omi bọ́ lójú mi. Mo dùbúlẹ̀, mo dijú, mò ń wo oorun lọ́ọ̀ọ́kán tó ń bọ̀ wá bá mi, ó wọ agbádá funfun, kò kánjú.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn télọ̀ ketekete, bí ẹni pé orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ wà, tó ń sọ fún oníbàárà ẹ̀ pé, “Ọkùnrin òkè yẹn? Kì í ṣiṣẹ́ kankan o. Ìyàwó ẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Oorun ló ń sùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.”

Oorun! Èmi! Lẹ́nu ta ni? Lẹ́nu télọ̀!

Mo fò dìde. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́, ohùn èèyàn ń wọlé. Ó ní kò bàjẹ́ sà, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ní ìró tó wúwo, tó ń dún lójú kan náà bíi ti ẹ́ńjìnnì, ni ẹ̀rọ náà lè bá dọ́gba dáadáa, torí ó ti mọ bó ṣe máa dún kó tó dún. Pé ohùn èèyàn ń lọ sókè, ń bọ̀ nílẹ̀, ń já lójijì, kí ẹ̀rọ tó dorí ẹ̀ kodò, ó ti kọjá. Mo ní o ò sì sọ fún mi? Ó ní mi ò bi òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ṣépè fún jẹnẹrétọ̀ yẹn, mi ò mọ̀ pé òun ni aṣọ tí wọ́n ta bo àdúgbò wa. Abẹ́ ariwo yẹn ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ń gbọ́, àlàáfíà sì wà. Èmi lọ yọwó àjọ, mo fi ká aṣọ náà kúrò! Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ti gbọ́ pé lánlọ́ọ̀dù fẹ́ fowó lé owó ilé, mo ti gbọ́ ẹni tó ń jí epo onígbàjámọ̀ fà, mo ti gbọ́ ohun tí onígbàjámọ̀ ń pe orí mi lẹ́yìn tí mo bá gẹ irun tán. Ẹni tó ń ta oògùn eku pàápàá, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló ti wá ń wọlé báyìí, kò sí gbólóhùn kan tó sọnù. Ó ní èyí tó ń lé ejò. Mi ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó mi ńkọ́? Òun gbà pé bí mo bá ti gbé e wọ̀, òkú ni mí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní sọ̀rọ̀ sókè jàre, kò lè gbọ́, ó ti wọ nǹkan ẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé owó tí wọ́n ní kò sí nílé lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ra bàtà, inú korobá ẹ̀wà ló wà, lábẹ́ ẹ̀wà. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé ìyá wọn ò fẹ́ràn iṣu tí mo gbé lọ kí wọn lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ó tín-ín-rín. Ó tún sọ pé òun mọ̀ pé ilé iṣẹ́ kọ́ ló fún mi ní hẹ́dífóònù. Mi ò sì lè bínú o! Bí mo bá bínú, ó máa mọ̀ pé mò ń gbọ́. Mo dùbúlẹ̀ gbọnrangandan, mò ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́rin Ebenezer Obey, inú mi ń hó kutukutu.

Ẹ sì fi ooru kún un. Oṣù kẹta, kò síná, fáànù dúró, èèyàn wá fi timùtimù awọ dí etí méjèèjì. Etí mi ń sè bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ nínú ewé. Ẹ̀fọn kan wá bà mí létí, mo gbá a, mi ò mọ̀ pé fífọwọ́ kàn ni wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ náà, ẹ̀fọn fò lọ, orin bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, gbogbo ìyẹn ò dùn mí tó ti bátìrì. Wọ́n ní ó ń lo ọgbọ̀n wákàtí nígbà tó wà ní tuntun. Ti tókunbọ̀ ò dé bẹ̀, àmọ́ kò burú. Ó kú lọ́jọ́ Wẹsidé kan, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. NEPA ò mú iná wá láti ọjọ́ kẹta. Níbo lẹ rò pé mo gbé e lọ? Mo sọ̀kalẹ̀, mo wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́. Ó tẹ̀ ba díẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ti jí?” Ẹ ti jí! Mo ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi nǹkan yìí sí iná. Ó gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní kí ló ń ṣe? Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n sọ pé ìwọ ni mo rà á nítorí ẹ? Mo ní orin ni mo fi ń gbọ́. Ó ní ó mà dáa o. Ó ní igba náírà ni, torí owó epo ti lọ sókè. Mo san án. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ará, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo san igba náírà fún jẹnẹrétọ̀ kó lè bọ́ ohun tí mo fi ń sá fún jẹnẹrétọ̀! Bí mo ṣe ń jáde, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ké “Páìlọ́ọ̀tì! Páìlọ́ọ̀tì!” torí wọ́n ti rí mi lójú fèrèsé tí mo wọ̀ ọ́. Páìlọ́ọ̀tì tí kò ní bàálù, tí ojú ẹ̀ pọ́n.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mo fẹ́ padà sábẹ́ ariwo mi. Hẹ́dífóònù náà wà fún títà. Ó ń pa ariwo jẹnẹrétọ̀ dáadáa, ẹ lè dán an wò nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá lọ́sàn-án, lẹ́yìn aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ó jí mi. Kí ẹ má sì fi agbára kan ilẹ̀kùn. Bí mo bá tiẹ̀ wọ̀ ọ́, màá gbọ́ yín.